Bí mo ṣe gbin atalẹ̀ sínú àpò lẹ́yìnkùlé wa ní Apẹ̀tẹ̀, láti orí irúgbìn tó jẹrà dé ọjọ́ tí mo wà á

Atalẹ̀ tó wọ́n ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Sóbò ni mo ń tà ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn níbí, àwọn ọmọ Pólì (Polytechnic) ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, sóbò tí atalẹ̀ ò bá sì ta dáadáa nínú ẹ̀, wọn ò ní í padà wá rà á. Láti ọdún 2023 tí àrùn ti wọ oko atalẹ̀ ní Gúúsù Kàdúná, tó sì jẹ́ pé apá ibẹ̀ lèyí tó pọ̀ jù nínú atalẹ̀ ilẹ̀ wa ti ń wá, owó ẹ̀ ò dúró sójú kan mọ́, ẹ máa ra rọ́bà péǹtì kan lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ti fowó lé e. Mo wá ní kí n kúkú máa gbìn ín fúnra mi. Ilẹ̀ tí mo ní ò tó nǹkan, àlàfo tó wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì ni, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mítà mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo sì ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é, oko ńlá ni gbogbo ohun tí mo ń rí kà ń sọ̀rọ̀ bá, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ẹni tó ní àpò ìrẹsì 17 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tèmi sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú owó ẹ̀ àti èyí tó bàjẹ́.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Ọ̀bẹ tó mú, ṣọ́bìrì, ọkọ́, páànù àwọn bíríkìlà kan, búkẹ́ẹ̀tì, ajere, àtẹ, ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tí mo lu ihò sí nídìí, irin kan tí mo ń fi iná gbóná láti lu àpò, àti sikéèlì kékeré tí mo fi ń wọn súgà tẹ́lẹ̀.

1. Irúgbìn

Ọjà Ṣáṣá ni mo ti rà á. Bódìjà náà ní, ṣùgbọ́n ní Ṣáṣá, àwọn Haúsá tó ń já a látinú ọkọ̀ gan-an lẹ máa bá, ẹ sì lè bi wọ́n ní ibi tó ti wá àti ìgbà tí wọ́n ti wà á. Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń dárúkọ fún yín níbẹ̀. Tafin Giwa, òun ló sanra, tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí inú ẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àti Yatsun Biri, òun ló kéré tó ṣù pọ̀, tí àwọ̀ ẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Tafin Giwa ni mo mú nítorí ojú ẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń hù, hàn ketekete, ẹni tí ò gbìn ín rí máa tètè mọ ibi tó máa gé sí.

Ẹ má gbé èyí tí wọ́n ti sá, ẹ má gbé èyí tí wọ́n ti là. Èyí tí wọ́n là tí wọ́n sá yẹn, ti agbo àti ti lílọ̀ ni, kò ní í hù láéláé. Èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní tó ń dán náà, mo máa ń yẹra fún un, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ wọ́n á ti bó àwọ̀ ẹ̀, ibi tó bó yẹn ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Èyí tí mo ń wá ni èyí tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, tó le tí mo bá tẹ̀ ẹ́, tí àwọ̀ ẹ̀ ò hun jọ, tí orí ìka ẹ̀ sì ti ń wú, tó ti ń yọ ṣónṣó. Nínú oṣù kẹta ni wọ́n sábà máa ń wú bẹ́ẹ̀, torí àtìgbà tí wọ́n ti wà á ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí ìkíní ló ti ń sùn, ó ń jí bọ̀ ni. Ẹni tó bá ra tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní oṣù kejìlá tó gbìn ín lójú ẹsẹ̀, ó máa dúró títí.

Alhaji tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ kí n ṣà á. Mo ní “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, gbígbìn ni mo fẹ́ gbìn ín o, kì í ṣe fún ọbẹ̀.” Ó ní “Ìyá, ẹ ṣà á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣẹ́ ẹ.” Rọ́bà péǹtì kan, ₦7,000. Nígbà tí mo délé mo wọ̀n ọ́n, kílò 2.3.

2. Ìgbà àkọ́kọ́, nínú ilẹ̀ lásán

Èyí ló jẹrà. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, mo fi ọkọ́ tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mo gé atalẹ̀ náà lówùúrọ̀, mo sì gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, jíjìn ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, bí ẹni ri ọmọ iṣu mọ́lẹ̀. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ wa níbí, amọ̀ pupa ni, tómi bá dà sí i ó máa ń dúró.

Nígbà tó pẹ́ tí n ò rí nǹkan kan, mo fi ọwọ́ wa ọ̀kan. Òórùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Èèpo ẹ̀ ṣì dúró, inú ẹ̀ ti di omi. Mo wa òmíràn, bákan náà. Àwọn tó wà nígun, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, nìkan ni ò tíì jẹrà tán, ojú kan tàbí méjì sì ti fẹ́ yọ lára wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé omi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, torí irú kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni mo gbìn wọ́n.

Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Winnipeg ní Kánádà, torí òun náà ní ohun kan tó máa ń gbìn lọ́dọọdún tó jọ atalẹ̀ nídìí, òdòdó tí wọ́n ń pè ní iris. Kì í ṣe ẹbí atalẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ náà sanra bẹ́ẹ̀, ó máa ń rá lórí ilẹ̀, ó máa ń ya ìka, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ wọ́n á tún un gbìn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé “Ṣé o jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ ẹ̀ gbẹ kó o tó rì í mọ́lẹ̀?” Mo ní rárá, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ti òun náà ti jẹrà bẹ́ẹ̀ rí, òórùn burúkú kan náà, torí ilẹ̀ Winnipeg náà amọ̀ ni, amọ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì.

Mo fẹ́ kọ bó ṣe ń ṣe tiẹ̀ síbí torí ó tún ojú mi ṣe. Lópin oṣù keje sí oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí òdòdó ti rẹ̀ dànù tipẹ́, ló máa ń wa ìdí iris ẹ̀. Ó máa ń gé gbogbo ibi tó bá rọ̀ tàbí tó ń rùn dànù títí tó fi máa kan ibi funfun tó le, ó máa ń gé ewé ẹ̀ kù sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 kí atẹ́gùn má baà máa mì í, á wá fi sílẹ̀ nínú ibòji kó gbẹ kó tó gbìn ín. Ó máa ń kó ilẹ̀ jọ ga díẹ̀ bí ebè pẹlẹbẹ, á gbé ìdí iris jókòó sórí ẹ̀, á na gbòǹgbò ẹ̀ sápá ọ̀tún àti òsì, á wá fi ilẹ̀ bo gbòǹgbò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iris fúnra ẹ̀ máa ń hàn síta kí oòrùn lè máa pa á. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti gbìn ín, torí ó ní láti ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí gbòǹgbò tuntun fi di ilẹ̀ mú kí ilẹ̀ tó dì gbagidi. Lọ́hùn-ún òtútù lè lọ sílẹ̀ ju òdo lọ ní ìwọ̀n ọgbọ̀n, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń le bí òkúta. Ìgbà tó bá ti dì tán ló máa ń fi koríko gbígbẹ bò ó, kì í ṣe ṣáájú, nítorí ilẹ̀ tó bá ń dì tó tún ń yọ́ máa ń ti ìdí tí gbòǹgbò ẹ̀ ò tíì mú ilẹ̀ síta.

Ẹ wò ó, yìnyín ló ń sá fún, òjò ni èmi ń sá fún, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe fún iris ẹ̀ gan-an ni mi ò ṣe fún atalẹ̀ mi. Kí ọgbẹ́ gbẹ. Kí ìdí jókòó síbi tó ga. Kí gbòǹgbò tuntun yọ kí ìyà tó dé. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò gbọ́dọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni fífi ẹ̀yìn ẹ̀ síta, atalẹ̀ ò fẹ́ oòrùn lára ìdí ẹ̀, tí oòrùn bá ń rí i ó máa ń di àwọ̀ ewé, ó sì máa ń gan. Ti atalẹ̀, ẹ máa bò ó, ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

3. Gígé àti gbígbẹ ojú ọgbẹ́

Mo padà lọ Ṣáṣá. Rọ́bà péǹtì kan, ₦8,000 lọ́tẹ̀ yìí, kílò 2.4.

Mo bu omi sínú abọ́, mo da bleach díẹ̀ sí i, mo ń ri ọ̀bẹ bọ inú ẹ̀ kí n tó gé òmíràn, torí tí ọ̀kan bá ní àrùn, ọ̀bẹ ló máa gbé e kiri fún gbogbo ìyókù. Kí n tó gé, mo máa ń wo ibi tí ojú wà, kò sí gígé tí mo gé tí kò ní ojú méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan lè wà tí èkejì bá kú. Sikéèlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò jẹ́ kó kéré ju gíráàmù 30 lọ, mi ò sì jẹ́ kó kọjá 50. Èyí tó kéré jù máa hù lóòótọ́ àmọ́ igi ẹ̀ máa ń tín-ín-rín, kò ní oúnjẹ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo bá gé tó sì ní àmì dúdú tàbí òrùka tó dà bí omi nínú ẹran ara ẹ̀, mo ń jù ú nù lódindi, mi ò gbìyànjú láti gé e yọ.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́n eérú igi tí mo ti fi ajere sẹ́ sí ojú ọgbẹ́ wọn, mo tò wọ́n sórí àtẹ, ojú ọgbẹ́ sókè, wọn ò kan ara wọn, mo gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn ò sì dé. Oòrùn ò dáa fún un, ó máa ń gbẹ ẹ́ dé inú. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti tó tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò kan ojú ọgbẹ́ tí ò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́, tó ti ní èépá bí egbò tó ń san. Ní àsìkò òjò ní Ìbàdàn ó máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó kù sí bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rin tó.

4. Mímú un hù nínú sọ́dọ́ọ̀sì

Apá yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ló yí gbogbo ẹ̀ padà fún mi. Dípò kí n gbìn ín síbi tó máa wà, mo kọ́kọ́ mú un hù níbi tí mo ti lè máa rí i lójoojúmọ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn onípákó ní Bódìjà láti lọ gbé sọ́dọ́ọ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tó bá mi dì í ni mo fún ní ₦500. Ẹ bi wọ́n ní pákó tó ti wá, torí pákó tí wọ́n ti ri bọ oògùn ikán, sọ́dọ́ọ̀sì ẹ̀ ò dáa fún ohun tó fẹ́ hù. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí òjò ti pa, tó ti ń dúdú, ni mo gbé. Tuntun tó ṣì ń rùn bí igi máa ń gbóná tí omi bá kàn án.

Mo wọ́n omi sí i, mo fi ọwọ́ pò ó. Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ bù ú ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un dáadáa. Tómi bá kán, ó ti pọ̀ jù, ẹ fi gbígbẹ kún un. Tó bá fọ́n ká lẹ́yìn tẹ́ ẹ la ọwọ́, ó ti gbẹ jù. Tó bá dúró lódidi tómi ò sì kán, ó ti dé bó ṣe yẹ. Mo tẹ́ ẹ sínú ike tí mo ti lu ihò sí nídìí, nínípọn ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, mo to atalẹ̀ sí i, ojú ẹ̀ sókè, mo tún fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 bò ó. Mo fi pépà àpò sìmẹ́ǹtì bo ojú ike náà, mi ò dè é pa. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìdáná níbi tó ti ń móoru, torí atalẹ̀ fẹ́ ooru kó tó jí.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò bomi rin ín mọ́ rárá àfi tí mo bá fi ìka kan sọ́dọ́ọ̀sì tí òkè ẹ̀ ti gbẹ, mo sì kàn ń wọ́n ọn ni. Ó ṣòro fún mi láti fi í sílẹ̀ o, ọwọ́ ẹni tó ti mọ́ra láti máa da omi sí nǹkan kì í dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi í sílẹ̀ yẹn ló gbà á là.

Àwọn kan yọ ojú bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ jù gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kékeré funfun kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ìdí ẹ̀ á pọ́n bí àwọ̀ àlùbọ́sà, á ṣe ṣónṣó. Ẹ kíyè sí ibi tí gbòǹgbò ti ń jáde: kì í ṣe lára èyí tẹ́ ẹ gé gan-an ló ti ń wá, ìdí èéhù tuntun yẹn ló ti ń jáde. Nítorí náà tí èéhù bá ṣẹ́, gbòǹgbò ẹ̀ bá a lọ nìyẹn, ẹ máa dúró de ojú kejì. Mo ń kó wọn nígbà tí èéhù bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, tí gbòǹgbò ẹ̀ ò tíì gùn jù. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ike pẹ́ jù, gbòǹgbò wọn wọ ara wọn, mo já díẹ̀ nínú ẹ̀ nígbà tí mo ń yà wọ́n.

Èyí tó hù tó sì dúró dáadáa jẹ́ 52. Èyí tó rọ̀ ni mo jù nù, kò tó mẹ́wàá.

5. Àpò àti ohun inú ẹ̀

Àpò ìrẹsì kílò 50 tí wọ́n ti lò, ₦200 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ra 17, ₦3,400. Ìgbẹ́ adìyẹ, àpò méjì, ₦3,000. Iyanrìn odò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ₦2,000. Ọkọ̀ tó bá mi kó o, ₦3,000. Ilẹ̀dú ni mo bù lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, bàbá lándílọ́ọ̀dù ló yọ̀ǹda ẹ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo kọ́kọ́ tọ́jú, àtìgbà tí irú àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ ni mo ti rà á. Tẹ́ ẹ bá lo èyí tó ṣì ń ta yín nímú, ó máa jó gbòǹgbò. Mo kó o jọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo wọ́n ọn lómi, mo fi nylon bò ó kí òjò má baà fọ ọrá ẹ̀ dànù, mo ń fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Láàárín ẹ̀ máa ń gbóná débi pé ẹ ò lè fọwọ́ gbé e, lẹ́yìn náà ó máa tutù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà kó tó dúdú tó sì wá ń rùn bí ilẹ̀ lásán.

Páànù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: ilẹ̀dú páànù 3, iyanrìn páànù 2, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jiná páànù 1. Iyanrìn yẹn lè dà bíi pé ó pọ̀, òun gan-an ló ń jẹ́ kómi kọjá.

Mo fi irin gbígbóná lu ihò sí ìdí àpò, bíi 12, mo tún lu mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 5 sókè láti ìdí. Mo ká àpò sílẹ̀ dé ìdajì, mo kún un dé sẹ̀ǹtímítà 25, kí ń lè máa tú u sókè bí mo bá ń kó ilẹ̀ kún un. Kí n tó gbin nǹkan sínú ẹ̀, mo da búkẹ́ẹ̀tì omi kan sí i. Tómi bá ṣì dúró lójú ẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti ka ọgọ́ta, mo dà á jáde mo fi iyanrìn kún un. Mẹ́ta nínú wọn ló gba bẹ́ẹ̀.

Atalẹ̀ mẹ́ta fún àpò kan, wọ́n jìn síra wọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, sẹ̀ǹtímítà 5 ni ilẹ̀ tó bo ẹ̀yìn wọn. Èyí tí èéhù ẹ̀ bá gùn, mo jẹ́ kí orí ẹ̀ yọ síta. Mo wá fi koríko gbígbẹ bo ojú àpò. Koríko yẹn ló ń gba òjò kó tó kan ilẹ̀, láìsí i òjò líle máa ń gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn koríko gbígbẹ, nítorí náà mo máa ń wọ́n eérú yí ìdí àpò po.

6. Oṣù kẹfà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

Àpò mẹ́ta tó sún mọ́ ògiri ilé ló bọ́ sí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo omi tó ń sàn látorí páànù òrùlé ń já sí. Nígbà tí mo ń tò wọ́n kò hàn, òjò ò tíì le. Ní oṣù kẹfà, ewé ìsàlẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, lẹ́yìn náà gbogbo igi náà rọ, mo fà á díẹ̀, ó já ní ìdí.

Kí n tó sọ pé omi ni, mo ṣe ìdánwò kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń gbin atalẹ̀ mọ̀. Ẹ gé igi tó rọ náà nítòsí ìdí, ẹ gbé e sínú ife omi tó mọ́, ẹ wò ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí nǹkan funfun bíi wàrà bá ń sàn jáde látojú ibi tẹ́ ẹ gé, àrùn bakitéríà ni, ìyẹn máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè kó ran tòmátò àti ata náà. Tèmi ò sàn nǹkan kan, ìjẹrà omi lásán ni. Síbẹ̀, mo kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lódindi, mi ò gbìyànjú láti ṣa èyí tó dáa nínú wọn, ilẹ̀ inú wọn sì ti lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, kò ní í padà sórí atalẹ̀.

Àwọn 14 tó kù, mo gbé wọn lé búlọ́ọ̀kù kí ìdí wọn má kan ilẹ̀, mo sì gbẹ́ kòtò tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kómi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè máa bá ibẹ̀ lọ síta. Láti ìgbà náà kò sí èyí tó jẹrà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

7. Ìtọ́jú títí oṣù kẹwàá

Ibòji: oòrùn àárọ̀ ló ń kan tèmi, lọ́sàn-án fẹ́ǹsì àti màrìwò ọ̀pẹ tí mo tẹ́ sórí igi máa ń bò ó. Àwọn méjì tó wà lójú oòrùn gbangba, etí ewé wọn jó.

Kíkó ilẹ̀ kún un ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Bí atalẹ̀ bá ṣe ń bí ọmọ, ó máa ń gun òkè, ẹ máa rí i tí ìka pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ orí jáde nínú ilẹ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń tú àpò sókè díẹ̀, màá fi sẹ̀ǹtímítà 5 ilẹ̀ kún un pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jiná. Àwọn àpò tí mo fi falẹ̀ lórí èyí, ìka wọn kúrú. Mi ò lo fàtíláísà olóyìnbó kankan.

Adìyẹ ìyá àgbà tó múlé tì wá máa ń tú koríko náà ká. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní “Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan sí i.” Wọ́n fún mi ní wáyà kan tó ti wà lẹ́yìn ilé wọn, mo fi dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo wa atalẹ̀, mo gbé tiwọn lọ fún wọn.

Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níbí, ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín. Mo máa ń ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì, tó bá gbẹ níbẹ̀ ni màá bomi rin ín, tí kò bá gbẹ mi ò fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kẹwàá mo ti ń yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò méjì fún sóbò, mo máa ń fi ọwọ́ tú ilẹ̀, màá ṣẹ́ ìka tó wà létí, màá sì tún bò ó. Tútù bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ní okùn nínú, ṣùgbọ́n kò tíì ta tó, mo ní láti lo ìlọ́po méjì ẹ̀.

8. Wíwà á

Nígbà tí òjò tán ní oṣù kọkànlá mi ò bomi rin ín mọ́. Ewé pọ́n, ọyẹ́ dé, gbogbo igi náà ṣubú. Mo fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí awọ ẹ̀ le, mo wá wà á ní oṣù kìíní. Kò gba ọkọ́ rárá, mo kàn dojú àpò dé sórí tapólì ni, mo gbọn ilẹ̀ kúrò.

Àpò 14, kílò 12.6, láì ka èyí tí mo ti yọ lò ṣáájú. Èyí tó kéré jù jẹ́ gíráàmù 600, ọ̀kan nínú àwọn tí etí ewé wọn jó ni. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ kílò 1.4, ó sì wà nínú àwọn tí mo tètè ń kó ilẹ̀ kún.

Gbogbo owó tí mo ná, àti èyí tó jẹrà: ₦26,900. Iye tí mo fi ra kílò kan lẹ́ẹ̀kejì tó ₦3,300, tí mo bá fi ìyẹn ṣírò, ohun tí mo wà tó bíi ₦41,500. Èrè ẹ̀ kì í ṣe ti kí èèyàn fi kọ́lé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá tún fẹ́ gbìn ín mi ò ní í ra irú, mi ò ní í ra àpò, ilẹ̀ inú ẹ̀ náà mo máa fi gbin ẹ̀fọ́ fún sáà kan, mi ò ní í dá atalẹ̀ padà sórí ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

9. Irú tó ń bọ̀

Kílò 3 ni mo yà sọ́tọ̀ fún irú. Inú àpò tó sanra jù tí ewé wọn ò sì ṣàìsàn rí ni mo ti ṣà wọ́n, mi ò mú nínú àwọn tó sún mọ́ ibi tó jẹrà. Mi ò fọ̀ wọ́n, mo kàn gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Mo to wọn sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ, iyanrìn kan, atalẹ̀ kan, apẹ̀rẹ̀ wà ní yàrá tó tutù tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ má kó o sínú nylon, ó máa ń làágùn, ẹ má sì gbé e sínú fíríìjì, òtútù ẹ̀ máa ń pa ojú ẹ̀. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ méjì méjì, èyí tó bá rọ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní tí òun bá ń bọ̀ nílé lọ́dún yìí òun fẹ́ rí àwọn àpò náà. Mo ti sọ fún un pé kó wá ní oṣù kẹrin, torí nígbà yẹn ni sọ́dọ́ọ̀sì máa wà nílẹ̀, a jọ máa gé e, màá sì fi àpò mẹ́ta dán ajó (atalẹ̀ pupa) wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.